Ta Ni Ó Wọn Òjò Náà?

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Dubai àti Sharjah ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ẹ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ròyìn òjò ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù náà fún yín. Ní pápákọ̀ òfuurufú Dubai, òjò tí ó tó mílímítà 142 ni ó rọ̀ láàárín wákàtí 24, bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tí ó máa ń rọ̀ níbẹ̀ ní odidi ọdún kan kò ju nǹkan bíi mílímítà 95 lọ. Ní Khatm Al Shakla, lẹ́bàá Al Ain, ó tó mílímítà 254.8, èyí tí ó ga jù lọ láti ọdún 1949 tí wọ́n ti ń kọ òǹkà òjò sílẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Ìrìnàjò ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n fagi lé ju 1,200 lọ. Ní Al Majaz àti Al Qasimia ní Sharjah, omi náà kò lọ fún ọjọ́ púpọ̀. Àwọn ènìyàn ń wa ọkọ̀ ojú omi kékeré ní òpópónà tí wọ́n ti ń wa mọ́tò ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí á yẹ̀ wò níbẹ̀. Kí ẹ̀kán òjò kankan tó kán, máàpù orí fóònù wa ti fi àwọ̀ àlùkò kun gbogbo etíkun yìí. Àjọ ojú ọjọ́ ilẹ̀ yìí, National Center of Meteorology, ti kìlọ̀. Ìjọba sì ti ní kí àwọn ọmọ ilé-ìwé jókòó sílé, kí wọ́n máa kẹ́kọ̀ọ́ lórí kọ̀ǹpútà ní ọjọ́ náà. Ọmọ mi obìnrin wo máàpù náà lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ó ní, "Dádì, ta ni ó lọ wọn òjò tí kò tí ì rọ̀?" N kò rí èsì gidi fún un. Gbèsè èsì náà ni mo ń san níhìn-ín.

Àwọn tí ó ni ilẹ̀ yìí ti ń wo ojú ọjọ́ tipẹ́tipẹ́. Ìràwọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Suhail. Bí ó bá ti yọ ní ìdájí ní nǹkan bí ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ, àwọn àgbà á ní ooru ti fẹ́ rọlẹ̀, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ ní mẹ́wàá-mẹ́wàá títí ọdún yóò fi yípo. Àwọn tí ń wá péálì nínú òkun, àwọn atukọ̀ àti àwọn tí ń da ràkúnmí, ìṣirò yìí ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Julfar, ní agbègbè Ras al-Khaimah ti òní, ni ìlú Ahmad ibn Majid, ògbólógbòó atukọ̀ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹni tí ó kọ ìwé lórí ìràwọ̀ àti lórí àsìkò tí atẹ́gùn ń gbé ọkọ̀ lọ sí Íńdíà àti èyí tí ó ń gbé e bọ̀.

Ẹni tí ó bá dàgbà ní abúlé nílẹ̀ wa kò ní fi èyí rẹ́rìn-ín. Àwọn bàbá wa mọ̀ pé ọyẹ́ ń bọ̀ kí ó tó dé, wọ́n sì mọ òjò tí a lè fi gbin àgbàdo yàtọ̀ sí èyí tí ń tan àgbẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n inú ẹnì kan ni ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbé, ibì kan ni ó sì ti wúlò. Bí bàbá náà bá kú, tàbí tí a bá sọdá odò méjì, ọ̀rọ̀ di òmíràn.

Òǹkà tí a kọ sínú ìwé ni ó yí nǹkan padà, ọkọ̀ òfuurufú ni ó sì gbé e dé Sharjah. Ní ọdún 1932, ilé-iṣẹ́ Imperial Airways ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ń gbé lẹ́tà àti èrò láti London lọ sí Íńdíà, ń wá ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò máa balẹ̀ sí, nítorí pé àdéhùn tí ó wà láàárín wọn àti ìjọba Persia, èyíinì ni Iran òní, ti parí. Sheikh Sultan bin Saqr Al Qasimi tí ń jọba Sharjah gbà fún wọn. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé ní oṣù keje, ọkọ̀ àkọ́kọ́ sì balẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá. Wọ́n kọ́ ilé kan bí odi ológun sí ẹ̀gbẹ́ pápá náà, níbi tí àwọn èrò ti ń sùn mọ́jú.

Ẹ má gbàgbé pé ọkọ̀ òfuurufú ìgbà náà kì í sáré ju nǹkan bíi kìlómítà 160 ní wákàtí kan lọ. Bí atẹ́gùn tí wọ́n ń pè ní shamal bá kọjú sí i, tàbí tí iyanrìn bá dìde, epo lè tán kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ tí yóò máa wo ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, bí ooru ti pọ̀ tó, bí ojú ti lè ríran jìnnà tó, tí yóò sì fi rédíò ránṣẹ́. Láti àwọn ọdún 1930 yẹn ni àkọsílẹ̀ òjò Sharjah ti bẹ̀rẹ̀. Dubai kò ní pápákọ̀ orí ilẹ̀ tirẹ̀ títí di ọdún 1960. Àwọn ará Dubai tí ń fi Sharjah ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí èyí.

Púpọ̀ nínú wa ni ó sì ti fi mọ́tò kọjá lórí pápá àtijọ́ yìí láìmọ̀. Nígbà tí wọ́n kó pápákọ̀ Sharjah lọ sí ibi tí ó wà nísinsìnyí ní ọdún 1977, ibi tí ọkọ̀ ti ń sáré gbéra di òpópónà King Abdul Aziz. Ilé odi náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun ni Al Mahatta Museum.

Òǹkà ibì kan ṣoṣo kò lè sọ ohun tí ń bọ̀. Wáyà tẹligíráàfù ni ó kó òǹkà ibi púpọ̀ jọ. Ní ọdún 1859, ìjì fọ́ ọkọ̀ Royal Charter ní etíkun Wales, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 400 lọ. Robert FitzRoy, ọ̀gá ọ́fíìsì ojú ọjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá ṣètò kí àwọn ìlú etíkun máa fi wáyà ránṣẹ́ sí London. Ní ọdún 1861, ìwé ìròyìn The Times bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ jáde, bí ó bá sì ti kùnà, wọn á fi ṣẹ̀sín. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 1875, ìwé ìròyìn kan náà tẹ máàpù ojú ọjọ́ tí Francis Galton yà. Ojú ọjọ́ àná ni ó wà nínú rẹ̀.

Ẹni tí ìtàn tirẹ̀ wù mí jù ni Lewis Fry Richardson. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó ń wa ọkọ̀ tí ń gbé àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ní ilẹ̀ Faransé, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìṣirò bí afẹ́fẹ́ yóò ti yí padà láàárín wákàtí mẹ́fà péré. Ó gbà á ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, èsì tí ó sì rí kò jọ òtítọ́ rárá. Kò fi í pamọ́. Ó tẹ ẹ́ sínú ìwé ní ọdún 1922 bí ó ti rí, ó sì ní bí a bá lè kó òṣìṣẹ́ 64,000 jọ tí gbogbo wọn ń ṣe ìṣirò pọ̀, a ó lè máa bá ojú ọjọ́ rìn ní ẹsẹ̀ kan náà. Kọ̀ǹpútà ni ó wá di àwọn òṣìṣẹ́ náà. Ní ọdún 1950, ENIAC ní Amẹ́ríkà ṣe àsọtẹ́lẹ̀ wákàtí 24, ó sì gbà á ní nǹkan bíi wákàtí 24 láti ṣe é. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, TIROS-1, sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó ṣàṣeyọrí, bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ìkùukùu láti òkè.

Ní ti òde òní, ẹ wo agogo yín. Bí agogo méjìlá ọ̀sán bá lù ní Greenwich, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ní Dubai, agogo kan ọ̀sán sì ni ní Èkó. Ní nǹkan bí àkókò yìí, àti ní agogo méjìlá òru, àwọn ibùdó kárí ayé ń ju bàlúùnù ńlá sókè, tí ẹ̀rọ kékeré so mọ́ ọn, tí ó ń fi rédíò ròyìn ooru, ọ̀rinrin àti atẹ́gùn bí ó ti ń gòkè. Àwọn pápákọ̀ ń sọ tiwọn, ọkọ̀ ojú omi ń sọ tiwọn, sátẹ́láìtì ń sọ tiwọn. Ọkọ̀ òfuurufú tí ń gbé wa lọ sílé pàápàá lè máa ròyìn bí ó ti ń lọ. Nígbà tí àrùn Kòrónà dá ọkọ̀ dúró ní ọdún 2020, ìròyìn bẹ́ẹ̀ dín kù jọjọ, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ sì mọ̀ ọ́n lára. Gbogbo rẹ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà àwọn àjọ bíi ECMWF ti ilẹ̀ Yúróòpù, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1975. Kọ̀ǹpútà náà ti pín ayé sí àpótí-àpótí tí ìbú rẹ̀ tó bíi kìlómítà mẹ́sàn-án. Àpótí méjì tàbí mẹ́ta ni ó gba gbogbo ọ̀nà láti Al Qasimia dé Deira.

Èsì ìṣirò yìí ni máàpù tí a ń fi ìka tẹ̀ ń kùn ní àwọ̀. Cameron Beccario gbé earth.nullschool jáde ní ọdún 2013, Windy sì dé ní ọdún 2014, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí atẹ́gùn tí ń ṣàn bí odò. Amẹ́ríkà ti ń fi èsì tirẹ̀ tọrọ tipẹ́. Yúróòpù ta tirẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí ó tó ṣí i sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá tẹ àárín òkun níbi tí ẹnikẹ́ni kò sí, máàpù yóò sọ bí atẹ́gùn ti le tó níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lọ wọ̀n ọ́n. Ìṣirò ni.

Níbi tí mo ti ń gẹ irun lẹ́yìn òjò yẹn, gbogbo ènìyàn ni ó ń búra pé ìjọba ni ó fi ọkọ̀ òfuurufú rọ òjò náà. Òótọ́ ni pé láti àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń fọ́n iyọ̀ sínú ìkùukùu níhìn-ín kí ó lè rọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í dá ìkùukùu sílẹ̀, àjọ ojú ọjọ́ sì ní àwọn kò fọ́n ohunkóhun ní àkókò ìjì náà. Èyí tí ó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni máàpù fúnra rẹ̀: ìṣirò ti rí ìjì náà ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, ìjì kan náà sì ti pa ju ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ ní Oman, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé wà nínú wọn. Ta ni yóò fọ́n iyọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Mo sọ èyí, ẹni tí ń gẹ irun mi ní kí n gbé orí mi dúró jẹ́ẹ́.

Nílé ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù. Ará Ìbàdàn kò lè gbàgbé Omíyalé, nígbà tí odò Ògùnpa kún ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1980. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, nǹkan bíi mílímítà 187 tún rọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, ènìyàn tí ó ju 100 lọ sì kú. Òjò bẹ́ẹ̀ máa ń wá láti ìlà-oòrùn, á jà, á kọjá. Inú àpótí kìlómítà mẹ́sàn-án kò fẹ̀ tó láti mú un dáadáa, àwọn ibùdó tí yóò sì fún kọ̀ǹpútà ní òǹkà kò pọ̀. NiMet, tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, ń ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún 2023, rádà ojú ọjọ́ tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ àjọ àgbáyé WMO fún gbogbo Áfíríkà kò tó 40. Ti Yúróòpù ju 300 lọ. Síbẹ̀, bí ẹ bá ṣí máàpù, àwọ̀ tí wọ́n kùn sórí Ìbàdàn dán bí èyí tí wọ́n kùn sórí Dubai. Kò sí àmì kankan tí yóò sọ fún yín pé òǹkà tí ó wà lábẹ́ ọ̀kan fẹ́lẹ́ ju ti èkejì lọ.

Lọ́jọ́ kan, mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Mọ́kọ́lá. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ooru, mo rí i lórí máàpù pé oòrùn ń ràn lọ́dọ̀ yín." Wọ́n ní kí n dákẹ́ kí n gbọ́. Mo gbọ́ òjò lórí páànù. Ọmọ mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì béèrè bí òjò náà ti pọ̀ tó. Wọ́n ní kí ó dúró ná. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n ní garawa tí àwọn gbé síta ní àárọ̀ ti dé ìdajì.