Ewédú Lábẹ́ Títì: Ìtàn Fífi Fọ́nrán Ewéko Mú Ilẹ̀ Ọ̀nà Le

Ẹni tó bá ń gbé àdúgbò Shasha mọ ìwà ilẹ̀ pupa: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó le bí àpáta, tí òjò bá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, táyà á máa rì sínú rẹ̀. Ìtàn bí aráyé ṣe ń fi fọ́nrán ewéko dì í mú fọ́n káàkiri, àwọn tó kọ ọ́ sì ń ta ko ara wọn. Ìdí nìyí tí mo fi ṣà á jọ.

Ti àtijọ́ kò pẹ́ẹ́ sọ: nínú ilé gogoro Aqar Quf nítòsí Baghdad, tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún, ẹní koríko etí odò wà láàárín bíríkì alámọ̀.

Orí títì mọ́tò ni àríyànjiyàn wà, lórí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é. Àwọn kan gbé adé fún Henri Vidal, ẹnjiníà ará Faransé, ní àwọn ọdún 1960. N kò fara mọ́ ọn, torí irin pẹlẹbẹ ni Vidal ń tẹ́ sínú ilẹ̀. Ní 1926, àwọn òṣìṣẹ́ títì ní South Carolina, l'Amẹ́ríkà, ti tẹ́ aṣọ òwú tó nípọn sórí ilẹ̀, wọ́n da ọ̀dà gbígbóná lé e, wọ́n sì fọ́n yanrìn sí i. Àbọ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1935 ní títì náà kò tètè sán, àfìgbà tí aṣọ jẹrà. Ní 1934, júùtù ni wọ́n tẹ́ sí Strand Road ní Kolkata, India. Wọ́n ní Dundee ní Scotland, ìlú ahunjúùtù, ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú. South Carolina ni mo gbè, torí àbọ̀ wọn wà nílẹ̀. Júùtù ọ̀hún kì í ṣe àjèjì: òun ni wọ́n fi ń ṣe àpò ìdọ̀họ, ewédú tí a fi ń jẹ àmàlà sì wà nínú irú ewéko méjì tí wọ́n ń bó o lára wọn.

Yàtọ̀ sí títẹ́ aṣọ, fọ́nrán ṣeé pò mọ́ ilẹ̀: ní 1983, àwọn olùwádìí Gray àti Ohashi dán an wò nínú yanrìn. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ yẹ̀, fọ́nrán á fà á padà, bí gbòǹgbò ṣe ń ṣe. Ìwọ̀nba ni o: bó bá ju bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ilẹ̀ lọ, ó máa ń dì pọ̀, róólà kò sì ní lè tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Àwọn tó ń ka eérú ìrèké mọ́ ọn, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀. Eérú kì í ṣe fọ́nrán.

Ìjẹrà ni ọ̀tá fọ́nrán. Júùtù kì í sábà pé ọdún méjì nínú ilẹ̀ tútù. Ti èèpo àgbọn ń pẹ́ jù ú lọ dáadáa. Láti dín ìjẹrà kù, wọ́n máa ń rẹ fọ́nrán sínú sódà, ìbátan omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ.

Ní 2020, India fọwọ́ sí aṣọ fọ́nrán àgbọn fún títì ìgbèríko. Ní Nàìjíríà níbí, ìwé òfin títì ìjọba àpapọ̀ ti 1997 béèrè ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìdánwò CBR, tó ń wọn bí ilẹ̀ ṣe le tó, fún ìpìlẹ̀ òkè, àti 30 fún ti ìsàlẹ̀. Fọ́nrán tí a lè fi dán an wò wà nílẹ̀: ìhá ọ̀pẹ kò wọ́n wa, Moor Plantation n'Ibadan sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìwádìí kenaf, ewéko oní-fọ́nrán mìíràn.

Ẹ̀yin tó fẹ́ dán an wò ládùúgbò, ẹ bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà tí típà kì í gbà. Ẹ sì kọ́kọ́ la gọ́tà.