Ọkọ̀ Àtijọ́ gẹ́gẹ́ bí Ẹlẹ́rìí Ìtàn: Ìrìnàjò London sí Brighton

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Títí di 1896, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pa á láṣẹ pé kí ẹnì kan máa fẹsẹ̀ rìn níwájú ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì. Nígbà tí òfin tuntun tú àwọn awakọ̀ sílẹ̀, wọ́n wakọ̀ láti London lọ sí Brighton ní 14 Oṣù Kọkànlá ọdún náà láti fi yọ̀. Ní 1927, wọ́n tún ìrìnàjò náà ṣe ní ìrántí. Ní 1930, àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ dá ẹgbẹ́ Veteran Car Club sílẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1905 ni ìrìnàjò náà wà fún.

Ẹgbẹ́ yìí a máa ṣàyẹ̀wò ọkọ̀ láti mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Níbí ni ìṣòro àtúnṣe wà. Bí olówó ọkọ̀ bá pààrọ̀ gbogbo irin tó ti dógùn-ún, ọkọ̀ yóò dán, ṣùgbọ́n àkísà tó fi í hàn ní àgbà yóò sọnù. Bí kò bá sì fọwọ́ kàn án, ìpáàrà yóò jẹ ẹ́ tán. Atúnṣe tó mọṣẹ́ a máa tún èyí tó ṣeé tún ṣe, a sì máa pààrọ̀ kìkì èyí tó ti bàjẹ́ pátápátá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kí òpìtàn máa tọ́jú ẹ̀rí.