Ọ̀pẹ̀lẹ̀ Lẹ́ẹ̀mejì: Ìtàn Nọ́ńbà 65,536



Ní ọjọ́ ìtàdógún kan, ọmọ awo kan bi mí léèrè bóyá òótọ́ ni pé Ifá ló bí kọ̀ǹpútà. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ rí níwájú àwùjọ, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìbéèrè rẹ̀ ló mú mi padà jókòó ti ọ̀pẹ̀lẹ̀.

Ojú mẹ́jọ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dé. Ojú kan ní ọ̀nà 2, ojú méjì ní 4, mẹ́ta ní 8, mẹ́rin ní 16. Bí mẹ́jọ bá pé, ó di 256: Ojú Odù 16 àti àmúlù 240. Bí a bá gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, ọ̀nà tí ó lè gbà yọ jẹ́ 256 lọ́nà 256, èyí tí í ṣe 65,536. Àwọn baba wa tí ń ka owó ẹyọ ní orúkọ fún un: ọ̀kẹ́ mẹ́ta, ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti mẹ́rìndínlógójì.

Ní 1703, Leibniz, ọmọ Jámánì, tẹ àlàyé jáde lórí ìṣirò tí ó ń lo 0 àti 1 nìkan. Ìwé Yijing ti ilẹ̀ Ṣáínà ni ó tọ́ka sí níbẹ̀. Kò mẹ́nu kan Ifá. Kọ̀ǹpútà ń lo irú ìṣirò yìí: àyè 16 tí ó lè jẹ́ 0 tàbí 1 ń fúnni ní 65,536. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n tọ̀, ṣùgbọ́n ìjọra kì í ṣe ìbátan.

Ẹ wo ìyanu mìíràn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 2, kí ẹ sì máa fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lọ́nà ara rẹ̀: 2, 4, 16, 256, 65,536. Ẹ fi ẹyọ kan kún ọ̀kọ̀ọ̀kan: 3, 5, 17, 257, 65,537. Kò sí èyí tí a lè pín dọ́gba nínú wọn, àfi pẹ̀lú 1 àti ara rẹ̀. Nígbà tí mo rí 17, ọkàn mi fò lọ sọ́dọ̀ Ọ̀ṣẹ́túrá, ẹni kẹtàdínlógún tí Ọ̀ṣun bí, tí iṣẹ́ àwọn mẹ́rìndínlógún kò gún láìsí i. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kéde pé mo ti rí àṣírí!

Ṣùgbọ́n Fermat, ọmọ Faransé, ti kó sí irú ìdẹkùn yìí rí. Ó gbà pé àpẹẹrẹ náà kò ní yẹ̀ láé. Ní 1732, Euler fi hàn pé èyí tí ó tẹ̀ lé e, 4,294,967,297, ṣeé fi 641 pín. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ó bára mu. Ní ẹ̀kẹfà, ó yẹ̀.

Nítorí náà mo pe ọmọ awo náà, mo sì kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Mo ní: “Ifá kò nílò irọ́ wa kí ó tó tóbi. Àwọn baba wa gbé ètò 256 kalẹ̀, wọ́n sì fi orí pa ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ìyẹn tó.” Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní: “Àbọrú, Bàbá.” Láti ọjọ́ náà, ó ń bi mí ní ìbéèrè ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.