Oríkèé Ẹṣin, Oríkèé Aláàárù: Ìtọ́jú Ara Ríro láti Ọ̀yọ́ Ilé dé Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Ohun tí àwọn òpìtàn ti kọ nípa ẹṣin nílẹ̀ Yorùbá kò kéré. Iṣẹ́ Samuel Johnson, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, kún fún ìtàn ogun orí ẹṣin. Ní 1980, Robin Law sì fi odidi ìwé kan jíròrò ẹṣin nínú ìtàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dá lé ni iye ẹṣin, owó ẹṣin àti ẹni tí ó gùn ún. Ara ẹṣin fúnra rẹ̀, bí ó ṣe ń gbó, bí ó ṣe ń dùn ún, àti ọwọ́ tí ń ra á ní orókún, kò fi bẹ́ẹ̀ rí àyè. Nítorí pé kò rí àyè, ìbéèrè kan tí ó so mọ́ ọn kò tíì jẹ yọ bí ó ti yẹ: ní èbúté bí Àpápá, níbi tí ẹṣin kò ti fa ẹrù bí ó ti fà á ní èbúté London, oríkèé ta ni ó jẹ ìyà iṣẹ́ náà, ta ni ó sì tọ́jú rẹ̀?

Ó yẹ kí àìsàn tí ọ̀rọ̀ dá lé kọ́kọ́ yé ni. Níbi tí egungun méjì bá ti pàdé, ohun kan tí ó dán tí ó sì ń yọ̀ ni ó bo orí egungun kọ̀ọ̀kan; omi díẹ̀ sì wà láàárín wọn tí kì í jẹ́ kí wọ́n ha ara wọn. Bí iṣẹ́ àṣejù, ọjọ́ orí, ìfarapa tàbí ìdúró tí kò gún bá jẹ ohun dídán yìí, oríkèé yóò wú, yóò sì gan. Èyí ni aromọléegun. Bí ó ti ń ṣe ènìyàn náà ni ó ń ṣe ẹṣin, àfi pé ẹṣin kò lè sọ ibi tí ó ń dùn ún. Olùtọ́jú ni yóò kà á lára rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹṣin náà yóò gan nígbà tí ó bá kọ́kọ́ jáde ní òwúrọ̀. Ìṣísẹ̀ rẹ̀ yóò kúrú. Kò ní fẹ́ yí sí apá kan. Yóò sì máa gbé orí sókè nígbàkígbà tí ẹsẹ̀ iwájú tí ń dùn ún bá kan ilẹ̀. Ohun dídán tí ó ti jẹ kì í padà hù bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ìtọ́jú ojoojúmọ́ ni àìsàn yìí ń béèrè, tí kì í ṣe oògùn àmúlò ẹ̀ẹ̀kan.

Ní ti Ọ̀yọ́ Ilé, láti ìhà àríwá ni wọ́n ti ń ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹṣin wọn. Agbára ẹlẹ́ṣin yìí ni ó gbé Ọ̀yọ́ dé Àlàdá ní 1698, tí ó sì gbé e wọ Dàhòmì ní 1726. Síbẹ̀, ẹṣin wọ̀nyí kì í pẹ́ láyé. Àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, èyí tí àwọn oníṣègùn ẹran ń pè ní nagana, ni ó ń pa wọ́n. Ní ilẹ̀ Zulu, láàárín 1894 àti 1895, ni David Bruce ti fi hàn pé kòkòrò àìfojúrí kan ni eṣinṣin náà ń gbé láti ara ẹran kan sí òmíràn. Ọ̀yọ́ kò nílò Bruce kí ojú wọn tó rí i pé bí ẹṣin bá ti ń wọ inú igbó lọ ni ikú rẹ̀ ń sún mọ́lé. Ohun tí ó tẹ̀ lé èyí ni pé ẹṣin tí ó gbó títí tí oríkèé rẹ̀ fi jẹ kò lè pọ̀. Aromọléegun jẹ́ àìsàn ẹni tí ikú òjijì ṣì dá sí.

Bí ẹ̀mí wọn ti kúrú tó yìí náà, iṣẹ́ wọn kò kéré. Ẹnì kan ní láti gé koríko lójoojúmọ́, kí ó fún ẹṣin ní ọkà bàbà, kí ó wẹ̀ ẹ́, kí ó yọ òkúta kúrò ní abẹ́ pátákò rẹ̀, kí ó sì mú un rìn. Ẹrú ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, pàápàá àwọn Hausa tí wọ́n ti mọ ẹṣin láti ilé wá. Oyè kan wà láàfin tí orúkọ rẹ̀ wá láti ibi iṣẹ́ yìí, èyíinì ni Olókùn-ẹṣin. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lẹ́yìn tí Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní 1944 ti sọ oyè náà di ohun tí gbogbo ayé mọ̀, nítorí pé Dúró Ládiípọ̀ àti Wọlé Ṣóyínká ti fi ṣe eré orí ìtàgé. Orúkọ ẹni tí ó di okùn ẹṣin mú wọ ìwé; orúkọ ẹni tí ó di pátákò rẹ̀ mú kò wọ ìwé kankan.

Nígbà tí ọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá bẹ́ sílẹ̀ ní Ìlọrin, ní nǹkan bí 1817, àwọn ẹrú Hausa ya kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn lọ sí Ìlọrin. Àdánù ọmọ ogun ni àwọn òpìtàn sábà máa ń ka èyí sí. Àdánù ìmọ̀ ni pẹ̀lú, ó sì ṣeé ṣe kí èyí wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọmọ ogun ṣeé kó jọ láàárín oṣù mélòó kan. Ọwọ́ tí ó lè fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹṣin kí ó sì mọ̀ pé ó gbóná ju ìkejì lọ kò ṣeé kó jọ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, Ìlọrin ni ẹlẹ́ṣin pọ̀ sí. Àwọn náà sì ṣubú lọ́wọ́ Ìbàdàn ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840, nítorí pé igbó kò gba ẹṣin.

Ní Èkó, ohun ìgbádùn ni ẹṣin jẹ́. Ní 1859 ni Ọba Dòsùmú fi ilẹ̀ tí ó di pápá eré ìje ẹṣin sílẹ̀, ilẹ̀ kan náà tí a ti gba òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1960, tí a sì wá kọ́ Gbàgede Tafawa Balewa sí ní 1972. Ẹgbẹ́ eléré pólò ìlú Èkó ti wà láti 1904. Pólò le púpọ̀ fún oríkèé: ẹṣin ń sáré, ó ń dúró lójijì, ó ń yí lórí ẹsẹ̀ kan. Ẹṣin tí ó bá yè lọ́wọ́ nagana, nítorí oògùn àti àbójútó, ni ó ń gbó tó láti tiro.

Ọ̀nà tí à ń gbà tọ́jú irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ yẹ ní ṣíṣàlàyé, nítorí pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju ohun tí ọwọ́ àti sùúrù lè ṣe. Wọn kì í so ó mọ́lẹ̀ gbọingbọin. Ẹṣin tí ó dúró sójú kan ń gan sí i ni. Wọ́n á máa fà á rìn díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú tí kò le, wọ́n á sì máa fi kún un bí ara rẹ̀ bá ti gbà á. Bí oríkèé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wú tí ó sì gbóná, omi tútù ni wọ́n ń dà sí i fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Bí ó bá jẹ́ gígan ọjọ́ pípẹ́, aṣọ tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n ń dì mọ́ ọn kí ó tó rìn. Wọ́n ń fi ọwọ́ ra èjìká àti ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí pé ẹṣin tí ó ń dá ẹsẹ̀ kan sí ń gbé ẹrù rẹ̀ lé àwọn yòókù. Wọ́n ń fi oúnjẹ tàn án kí ó lè yí ọrùn sí ìhà. Wọ́n ń gé pátákò rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, wọn kì í sì í jẹ́ kí ó sanra jù. Ọ̀pọ̀ nínú èyí bá físíótẹ́rápì ti ènìyàn mu. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Charles Strong, tí ó ń tọ́jú ara àwọn eléré pólò, ni ó mú iná mànàmáná tí ó fi ń ta iṣan ènìyàn jí lọ sára ẹṣin. Oògùn apàrora bíi phenylbutazone wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó lè ba inú àti kíndìnrín jẹ́, ewu mìíràn sì tún wà níbẹ̀: ìrora tí a pa ni kì í jẹ́ kí ẹni tí ń gun ẹṣin mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí a bá kúrò ní pápá pólò tí a dé etí omi Àpápá, ẹṣin kò sí mọ́. Ní London, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹṣin ni ó ń kó ẹrù láti èbúté wọ ìgboro ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ibẹ̀ ni aromọléegun ẹṣin ti wọ́pọ̀, nítorí òpópónà olókùúta. Ní Èkó, eṣinṣin kò jẹ́ kí irú èyí ṣẹlẹ̀. Kí ọkọ̀ ojú irin tó so Èkó mọ́ Ìbàdàn ní 1901, orí ènìyàn àti ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ ni epo àti ẹ̀kùrọ́ fi ń dé etí òkun. Nígbà tí èbúté Àpápá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1926, ojú irin wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ikùn ọkọ̀ òkun àti ojú irin, láàárín ilé ìkẹ́rù àti ọkọ̀ akẹ́rù, ọrùn àti orókún ènìyàn ni ó wà. Ajégúnlẹ̀, tí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà èbúté, ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláàárù náà ń gbé: Yorùbá, Ìgbò, Ùrhòbò, Ìjọ̀, Hausa àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1975, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ òkun tò sí ojú omi Èkó, tí sìmẹ́ńtì sì kún inú èyí tí ó pọ̀ nínú wọn, àpò olóókìlò 50 náà ní láti gba orí ẹnì kan kọjá.

Ẹnikẹ́ni lè sọ pé fífi ènìyàn wé ẹṣin jẹ́ àrífín. Àkọsílẹ̀ ni à ń fi wéra níhìn-ín, kì í ṣe ènìyàn àti ẹran. Ní 1822 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe òfin tí ó ka ìwà ìkà sí ẹṣin àti màlúù sí ẹ̀ṣẹ̀. 1833 ni ó tó ṣe òfin tí ó fi òpin sí oko ẹrú ní àwọn ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Ẹṣin ní olówó, olówó náà sì mọ iye tí òun yóò pàdánù bí ẹṣin bá tiro. Aláàárù tí a gbà fún iṣẹ́ òòjọ́ kò ní irú olówó bẹ́ẹ̀. Bí orókún rẹ̀ bá gan lónìí, ẹlòmíràn yóò dúró sí ipò rẹ̀ lọ́la, kò sì sí ẹni tí yóò kọ ọ́ sínú ìwé. Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́, tí ìjọba ṣe ní 1941, wà fún ẹni tí ó farapa lójijì lẹ́nu iṣẹ́. Ó ṣòro púpọ̀ fún ẹni tí ogún ọdún ẹrù jẹ oríkèé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti fi ọjọ́ kan pàtó hàn. Nítorí náà, inú ilé ni ìtọ́jú wà: òrí tí ìyàwó fi ra ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀, aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná, gbẹ́rẹ́, Robb, Aboniki, àti oògùn apàrora tí a rà ní ẹyọ méjì-méjì kí iṣẹ́ ọ̀la lè ṣeé ṣe. Ewu tí ó wà nínú phenylbutazone lára ẹṣin pólò wà níhìn-ín gan-an.

Físíótẹ́rápì wá sí Èkó nítòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí èbúté. Ní 1945 ni ilé ìwòsàn egungun ní Igbóbì bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ní 1959 ni a dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ físíótẹ́rápì sílẹ̀ ní Nàìjíríà, Yunifásítì Ìbàdàn sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ ní 1966. Ogun ni ó mú kí Ọ̀yọ́ náwó lórí ẹsẹ̀ ẹṣin. Ogun náà ni ó mú kí ìjọba náwó lórí ẹsẹ̀ ọmọ ogun. Láti Ajégúnlẹ̀ dé Igbóbì kò jìnnà bí a bá fi ojú wọn ọ̀nà, ṣùgbọ́n ìtọ́jú tí ń béèrè pé kí ènìyàn wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta jìnnà púpọ̀ sí ẹni tí kì í gba owó ọjọ́ tí kò bá ṣiṣẹ́.

Àpótí onírin ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ aláàárù ní èbúté, pàápàá láti ìgbà tí ìjọba ti fi ibùdó rẹ̀ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ aládàáni ní 2006. Iṣẹ́ náà ṣí kúrò ní etí omi wọ inú ọjà. Ní Boundary, níbi tí Àpápá ti pàdé Ajégúnlẹ̀, ọmọlanke ni ó ń kó àpò ìrẹsì àti páálí ẹja dídì wọ inú àdúgbò. Bí a bá wo ọmọlanke dáadáa, kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni: táyà méjì, pákó pẹrẹsẹ, àti ọ̀pá ìfà tí ó yọ síwájú, èyí tí ènìyàn wọ àárín rẹ̀, tí ó tẹ̀ síwájú, tí ó ń fi orókún ti ilẹ̀.