Ta Ló Yẹ̀ Ẹ́ Wò? Kánò àti Àríyànjiyàn Lórí Àjẹsára Rọpárọsẹ̀

Ní ọdún 2003, Dókítà Datti Ahmed, oníṣègùn ní Kánò tó tún jẹ́ olórí Ìgbìmọ̀ Àgbà fún Ṣàríà ní Nàìjíríà, sọ ọ̀rọ̀ kan tó mi ìlú tìtì. Ó ní kí àwọn òbí má jẹ́ kí wọ́n kán òògùn àjẹsára rọpárọsẹ̀ sọ́mọ wọn lẹ́nu mọ́, nítorí àwọn ará Amẹ́ríkà àti alájọṣe wọn ti po nǹkan mọ́ ọn: ohun tí kò ní jẹ́ kọ́mọbìnrin rí ọmọ bí lọ́la, àti kòkòrò éèdì. Kò pẹ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ mélòó kan lókè Ọya fi ní kí iṣẹ́ àjẹsára náà dúró. Àwọn yòókù padà gbà. Kánò fi àáké kọ́rí fún nǹkan bí oṣù mọ́kànlá.

Ohun tó yá ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu nígbà náà ni pé àìmọ̀kan ló ń da àwọn ará Kánò láàmú. Ṣùgbọ́n dókítà ló gbé ọ̀rọ̀ náà sáyé, kì í ṣe púrúǹtù. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì ní gbòǹgbò, inú ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Kánò fúnra rẹ̀ ni gbòǹgbò náà wà.

Lọ́dún 1996, àrùn yírùnyírùn bẹ́ sílẹ̀ lókè Ọya, ó pa èèyàn tó lé ní 10,000. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú àrùn tó ń ràn ní Kánò kún dẹ́nu. Ibẹ̀ ni Pfizer, ilé iṣẹ́ apòògùn láti Amẹ́ríkà, gbé òògùn apakòkòrò tuntun kan tó ń jẹ́ Trovan wá. Wọ́n mú ọmọ 200: wọ́n fún 100 ní Trovan, wọ́n fún 100 yòókù ní ceftriaxone, tí àwọn dókítà ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 kú, márùn-ún lára àwọn tó lo Trovan, mẹ́fà lára àwọn tó lo èkejì. Pfizer ní ìjọba mọ̀ sí i, pé àwọn òbí sì fi ẹnu ara wọn gbà. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Lẹ́tà kan sì wà tó sọ pé ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ aláìsàn nílé ìwòsàn kan ní Kánò ti fọwọ́ sí i. Àṣírí tú lẹ́yìn náà pé ìgbìmọ̀ ọ̀hún kò tíì sí rárá lásìkò tí wọ́n ní ó fọwọ́ sí i.

Trovan kì í ṣe àjẹsára. Àmọ́ nígbà tí ìwé ìròyìn Washington Post tú ọ̀rọ̀ náà síta ní oṣù Kejìlá ọdún 2000, kò sẹ́ni tó máa bá òbí ní Kánò ṣàlàyé ìyàtọ̀ yẹn kó wọ̀ ọ́ létí.

Ká wo bí iṣẹ́ àjẹsára náà ṣe rí lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn òṣìṣẹ́, tí obìnrin pọ̀ nínú wọn, á gbé kúlà kékeré kọ́ èjìká, wọ́n á máa kan ilẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé. Wọ́n á kán òògùn náà lẹ́ẹ̀mejì sẹ́nu ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, wọ́n á fi tàdáwà sàmì sí ìka rẹ̀, wọ́n á sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára ilé kí wọ́n tó kọjá. Oṣù mélòó kan sí i, wọ́n tún ti dé. Bí ibà bá sì ń ṣe ọmọ kan náà, ìyá rẹ̀ á fowó ra káàdì nílé ìwòsàn, á tún fowó ra òògùn. Kí ló dé tó jẹ́ pé èyí tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè ni wọ́n ń gbé wá bá èèyàn nílé lọ́fẹ̀ẹ́? Oṣù Kẹta ọdún 2003 yẹn náà ni ogun Amẹ́ríkà wọ Iraq, èyí sì dá kún ìfura sí Amẹ́ríkà. Ìbéèrè àwọn ìyá náà mọ́gbọ́n dání, bí ìdáhùn tí wọ́n gbọ́ tilẹ̀ jẹ́ irọ́.

Ìjọba àpapọ̀ gbé òògùn náà lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n ní kò léwu. Kánò kò gbà. Ọ̀mọ̀wé kan láti Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria gbé tirẹ̀ lọ sí Íńdíà, ó ní òun rí họ́mòònù obìnrin nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ mìíràn ní èyí tó wà níbẹ̀ kéré débi pé kò lè ṣe ọmọ ní nǹkan kan. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2004, wọ́n kó àwọn aṣáájú Mùsùlùmí àtàwọn onímọ̀ jọ láti lọ fojú ara wọn rí àyẹ̀wò nílẹ̀ òkèèrè. Nígbẹ̀yìn, Kánò gba èyí tí wọ́n ṣe ní Indonéṣíà, níbi tí Mùsùlùmí ti pọ̀ jù lágbàáyé. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà lóṣù Keje, ọmọ Gómìnà Ibrahim Shekarau fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n kán an sí lẹ́nu ní gbangba.

Irú òògùn kan náà ni o. Ohun tó yàtọ̀ ni ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, àti ẹni tó kọ́kọ́ gbà á fún ọmọ tirẹ̀.

Kí ó tó dìgbà yẹn àti lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ti fẹsẹ̀ san gbèsè àríyànjiyàn náà. Rọpárọsẹ̀ padà dé Èkó, ó sọdá sí orílẹ̀-èdè Benin, Tógò àti Gánà, ó dé Sudan, ó dé Yemen. Ní 2005 ó wọ Indonéṣíà, tí kò rí i fún ọdún mẹ́wàá, ó sì mú ọmọ tó lé ní 300 níbẹ̀, ní orílẹ̀-èdè tí Kánò ti ra òògùn. Nàìjíríà nìkan rí ọmọ tó lé ní 1,000 tó kó o lọ́dún 2006.

Ọ̀rọ̀ ṣì wà nínú ọ̀rọ̀. Kòkòrò rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ti dín agbára rẹ̀ kù ló wà nínú òògùn kíkán náà. Níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò bá ti gbà á, kòkòrò yìí lè máa ti ara ọmọ kan bọ́ sí ti òmíràn títí yóò fi gba agbára rẹ̀ padà. Ó ṣẹlẹ̀ lókè Ọya. Àwọn aláṣẹ mọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tètè kéde rẹ̀, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù kí àhesọ ọdún 2003 má tún ru sókè. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007 ni ayé tó gbọ́. Ìpamọ́ yẹn kò dáa. Òbí lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ pé ewu kékeré wà nínú òògùn náà, kó sì gbọ́ pé ewu àìgbà á ju ìyẹn lọ fíìfíì.

Ní 2009, Pfizer àti ìjọba Kánò parí ẹjọ́ Trovan sí mílíọ̀nù 75 dọ́là, láìjẹ́ pé ilé iṣẹ́ náà gbà pé òun jẹ̀bi. Ó di 2011 kí ìdílé mẹ́rin àkọ́kọ́ tó gbowó, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní oṣù Kejì ọdún 2013, àwọn agbébọn pa òṣìṣẹ́ àjẹsára mẹ́sàn-án, ó kéré tán, ní Kánò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ṣe é títí, títí wọ́n fi kéde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020 pé Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò rọpárọsẹ̀ tí kì í ṣe ti ara òògùn.

Èyí tó ń ti ara òògùn wá ló kù. Lọ́dún 2017, nílùú Antwerp ní Bẹ́líjíọ̀mù, àwọn àgbàlagbà kan tó yọ̀ǹda ara wọn kó sínú ilé tí wọ́n fi kọ̀ǹténà ṣe sí ọgbà yunifásítì. Wọ́n lo ọjọ́ 28 níbẹ̀ láìjáde, kí wọ́n lè dán àjẹsára tuntun tí kò ní máa tètè gba agbára padà wò lára wọn. Wọ́n ti buwọ́ lùwé. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń gbé mì, wọ́n sì mọ ìdí tí wọn kò fi gbọdọ̀ jáde. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó kọ́kọ́ lo òògùn náà. Òbí tó bá bi òṣìṣẹ́ àjẹsára léèrè lẹ́nu ọ̀nà pé ara ta ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán èyí wò, ìdáhùn wà fún un.