Codman àti Káàdì Àbájáde: Bí Iṣẹ́ Abẹ Eegun Ṣe Kọ́ Láti Wo Ẹ̀yìn

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ní nǹkan bí ọdún 1910, ní ìlú Boston nílẹ̀ Amẹ́ríkà, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Ernest Amory Codman, fẹ́ kí gbogbo ilé ìwòsàn máa wo ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀. Ó ní kí a ya káàdì sọ́tọ̀ fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan, kí a kọ àìsàn rẹ̀ àti ìtọ́jú tó gbà síbẹ̀, kí a sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọdún kan. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, kí a wádìí ohun tó fà á.

Ọ̀rọ̀ yìí bí àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ nínú. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1915, ó gbé àwòrán ẹ̀fẹ̀ kan síwájú ìpàdé àwọn dókítà: ògòǹgò ri orí bọ inú yanrìn, ó ń fi ẹsẹ̀ ta ẹyin wúrà sí àwọn oníṣègùn. Ipò alága tó wà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi òṣùwọ̀n yìí wọ̀n. Nínú aláìsàn 337 tó kúrò ní ilé ìwòsàn kékeré tirẹ̀ láàárín 1911 sí 1916, ó ka àṣìṣe 123, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde fún aráyé kà.

Codman kú ní 1940, ṣùgbọ́n èrò rẹ̀ kò bá a kú. Ní 1975, àwọn oníṣẹ́ abẹ eegun ní Sweden bẹ̀rẹ̀ ìwé àkọsílẹ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè fún orúnkún àtọwọ́dá. Ti ìgbáròkó tẹ̀ lé e ní 1979. Èyí tó bá bàjẹ́, tí a tún un ṣe, wọn a kọ ọ́ sílẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe mọ irú èyí tó ń tọ́jọ́ àti irú èyí tó yẹ kí a pa tì.

Nígbà tó di 2007, Bìrìtìkó náà bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ fún àwọn arúgbó tí eegun ìgbáròkó wọn ṣẹ́. Yàtọ̀ sí wákàtí tí aláìsàn fi dúró de iṣẹ́ abẹ, wọ́n tún ń ka egbò tí ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ ń dá sí ara. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni ìdènà èyí wà jù: yíyí aláìsàn padà, mímú ara rẹ̀ gbẹ, rírí i pé ó jẹun. Ohun tí a ti ń pè ní ìyà ọjọ́ ogbó wá di ohun tí a lè kà, tí a sì lè dín kù.

Ìbéèrè Codman ṣì wà nílẹ̀ fún gbogbo ilé ìwòsàn: aláìsàn tí ẹ dá padà sílé lọ́dún tó kọjá, ǹjẹ́ ó ti ń rìn?