Àtúnṣe Ara Ọkọ̀ Tó Tẹ̀

Ara ọkọ̀ tó tẹ̀ ni ibi tí páànù ìta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti wọnú nítorí pé nǹkan gbá a tàbí já lé e. Irin tí wọ́n fi ń ṣe páànù náà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní kò nípọn ju nǹkan bí 0.7 mìlímítà lọ, ìdí nìyẹn tí òpó géètì lásán fi lè kó o wọnú.

Bí ó ṣe fẹ̀ tó kọ́ ni àkọ́wò. Èyí tó fẹ̀ bí àwo oúnjẹ ṣùgbọ́n tó rọra wọnú lè rọrùn ju èyí tí kò ju àtàǹpàkò lọ, àmọ́ tó kán. Níbi tí irin bá ti kán, ó ti fà, ó sì ti le sí i. Bí òòlù bá tún pọ̀ lórí rẹ̀, á máa fẹ̀ ni, títí tí páànù náà yóò fi dẹ̀: bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, á wọlé; bí ọwọ́ bá kúrò, á ta padà pẹ̀lú ariwo.

Ọ̀dà ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí kò bá sán, tí irinṣẹ́ sì lè dé ẹ̀yìn páànù, ó ṣeé ṣe kó má sídìí láti kun ọkọ̀ rárá. Oníṣẹ́ á ki ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ẹ̀yìn rẹ̀, á máa tì í jáde díẹ̀díẹ̀, á sì máa wo ìlà iná tó hàn lójú ọ̀dà. Níbi tó bá ti tẹ̀, ìlà náà á wọ́. Bó bá ti ń tọ́, irin ń padà sípò nìyẹn. Ó ń gba sùúrù, ṣùgbọ́n ọ̀dà tí ọkọ̀ gbé ti iléeṣẹ́ wá kò ní bàjẹ́, ó sì ṣòro kí èyí tí wọ́n fín lẹ́bàá títì tó bá a dọ́gba.

Bí ọ̀dà bá ti sán, ó di ti pánẹ́bítà, tó ń fi òòlù àti pọtí ṣiṣẹ́. Pọtí wà fún kí ojú lè dọ́gba lẹ́yìn tí òòlù bá ti mú irin tọ́ tán díẹ̀ ló kù. Kì í ṣe fún dídí kòtò. Bó bá nípọn jù, á sán, omi á gbabẹ̀ wọlé, irin á sì dípẹtà lábẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n fi pọtí bo ìpẹtà mọ́lẹ̀ burú ju kí wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀ bó ṣe tẹ̀ lọ, nítorí ẹni tó máa rà á lẹ́yìn ọ̀la ni wọ́n ń rẹ́ jẹ. Ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ lè fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé mágínẹ́ẹ̀tì, kó gbé e káàkiri ara ọkọ̀: ibi tí kò bá ti lẹ̀ dáadáa, ó ṣeé ṣe kí pọtí pọ̀ níbẹ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì kì í lẹ̀ mọ́ alumíníọ́mù náà, irú èyí tó wà lára Ford F-150 láti ti ọdún 2015. Alumíníọ́mù tètè ń ya, títún un ṣe kì í sì í ṣe iṣẹ́ gbogbo pánẹ́bítà.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì, fẹ́ńdà iwájú, ilẹ̀kùn àti ìdérí búútù ṣeé tú, nítorí náà bí wọ́n bá rún, pípààrọ̀ wọn lè dínwó ju lílù lọ. Ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin, l'Ékòó, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wá wọn. Òrùlé àti páànù tó bo táyà ẹ̀yìn kò rí bẹ́ẹ̀: wọ́n jó wọn mọ́ ara ọkọ̀ ni, gígé wọn sì ń ba ohun tí iléeṣẹ́ fi dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ ìpẹtà jẹ́. Òpó àárín ilẹ̀kùn méjèèjì ló gba ìṣọ́ra jù. Irin líle ni wọ́n fi ń ṣe é kó lè dáàbò bo èrò. Bí iná gáàsì bá kàn án, agbára rẹ̀ á dín, kódà bí ojú rẹ̀ bá dán lẹ́yìn tí wọ́n kùn ún tán.